Irọ́ Kan Ṣoṣo tí Àlàájì Ọ̀ṣìnúbí Pa

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú Àdìzát Oníke, ó sì ti tó kó jáde wàyí. Ẹni méjì péré ló bá a mọ̀ ọ́n. Akíndé ọkọ ẹ̀ ti mú tiẹ̀ wọ sàréè láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹnìkejì ni Àlàájì Waliyullah Ọ̀ṣìnúbí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn ní Ọ̀tà, tí wọ́n sin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí obìnrin yìí bá panu mọ́ báyìí, kò tún sí ẹ̀dá alààyè kan tó lè tú u síta. Ohun tó sì dẹ́rù bà á gan-an nìyẹn. Nígbà tí wọ́n túfọ̀ Àlàájì fún un, kó tó sunkún rárá, ara tù ú. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ara tu òun, ojú sì tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Ìyẹn ló wà lọ́kàn ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ fún olóògbé. Èrò kún ojúlé Àlàájì débi pé àwọn kan jókòó sórí ìgànná. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà ò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà. Fìlà ẹ̀ máa ń fẹ́ẹ̀ bò ó lójú, àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa bára wọn ta tẹ́tẹ́ pé lónìí ló máa já bọ́ sórí tábìlì ìròyìn. Ṣùgbọ́n tó bá ti ní, “Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará Ọ̀tà,” oníkálukú á dáhùn nínú yàrá ẹ̀ bí ẹni pé àlejò ló wọlé. Tó bá ń ka ìkéde, ì báà ṣe ti ewúrẹ́ tó sọnù, á ka orúkọ ẹni tó ni ín tán pátápátá, pẹ̀lú orúkọ bàbá ẹ̀.

Alúfà Al-Ameen tó ń darí àdúà ní kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ nípa Àlàájì wá sọ ọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àgbárá ní kò sí alẹ́ tí Àlàájì kì í ṣàdúà fún àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì iṣẹ́ òru, òun ò sì mọ ẹlòmíì tó rántí pé àwọn wà láyé. Mẹkáníìkì kan gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní, “Àlàájì ò parọ́ fún wa rí. Àní ẹ̀ẹ̀kan péré. Ohun tó bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀, ó dájú bí ikú.” Gbogbo èrò ní òótọ́ ni. Àdìzát wolẹ̀.

Ẹni tó kàn ni Toyibat, aránṣọ, tó pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ ṣáà mọ ìtàn mi. Mo sọnù ní Sango nígbà tí mo wà ní kékeré. Àlàájì ló kéde mi. Mọ́mì mi kejì tó jókòó yìí, Ìyá Oníke, ni wọ́n rí mi lábẹ́ afárá tí wọ́n sì gbé mi wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì, ẹ wá bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hàlímọ̀tù, ìyá tó bí Toyibat, rọra ti Àdìzát léjìká pé kó dìde. Àtàn-Ọ̀tà ni Hàlímọ̀tù ti ń dáko. Láti ọdún náà wá, kò sí Iléyá kan tí kì í gbé itan àgbò wá fún Àdìzát, ìyẹn á sì sè é, á jẹ ẹ́, á ní kó tún kí wọn nílé. Ẹ ò rí i pé ọ̀fun ẹ̀dá gbòòrò.

Àdìzát ò gbèrò ju kó ní “Ọlọ́run á tẹ́ Àlàájì sí afẹ́fẹ́ rere” kó sì padà jókòó. Ṣùgbọ́n ìgbà tó gba ẹ̀rọ náà dání, ọpẹ́ yẹn kéré lẹ́nu ẹ̀. Oore tí Àlàájì ṣe é gan-an wà lábẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun Àdìzát dá, kò sì sí bó ṣe lè fa ọ̀kan yọ kí èkejì má tẹ̀lé e. Ṣé ó wá máa fi ẹyọ owó kọ́bọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un ní ẹ̀mí?

“Ẹ̀yin ará,” ó ní, “ẹ ní Àlàájì ò parọ́ rí. Ó parọ́. Ẹyọ kan ló pa, èmi ló sì pa á fún.”

Kùn-kùn-kùn bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Alúfà Al-Ameen gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

“Ọjọ́ tí mo rí Toyibat kọ́ ni mo gbé e wá. Ó lò tó oṣù kan lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ òjò ni mo rí i. Abọ́ àti báàfù tí àwọn ilé iṣẹ́ oníke bá kọ̀ pé kò dáa tó ni mo máa ń kó wá tà lábẹ́ afárá nígbà náà. Òjò dá, mo padà síbi ọjà mi, mo bá ọmọ kékeré kan tó jókòó sínú báàfù mi, ó ń fọwọ́ bu omi ṣeré. Mo ní, ‘Ta ni ìyá ẹ?’ Ó ní, ‘Mọ́mì.’ Mo dúró títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́, mi ò rẹ́ni tó wá a. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní èrò ibi, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo gbé e relé, mo wẹ̀ ẹ́, ó sì sùn sí mi láyà. Mo ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ ṣáà mọ ohun tójú àgàn ń rí. Kò sí ọmọ tó sùn sí mi láyà rí. Ilẹ̀ mọ́, mo mọ ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, mi ò lọ. Mo gé irun orí ọmọ ọlọ́mọ. Mo sọ ọ́ ní Àpọ́nlé. Mo ní ọmọ àbúrò mi tó wà ní Ìmẹ̀kọ ni.

“Akíndé ọkọ mi gbà mí gbọ́, àfìgbà tó rí àwòrán ọmọ náà lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilé oúnjẹ ibi iṣẹ́ wọn. Ó sáré wálé, ó ní, ‘Àdìzát, ọmọ ọlọ́mọ rèé. Wọ́n máa dáná sun wá.’ Mo ní tó bá gbé ọmọ yẹn jáde, òkú mi ló máa bá nílé. Ọkùnrin náà fẹ́ràn mi ju bó ṣe yẹ lọ, ló bá panu mọ́. Ẹ má bú u níbi tó wà. Èmi ni kẹ́ ẹ bú.

“Ṣùgbọ́n Àlàájì ò jẹ́ n sinmi. Tó bá ka ìròyìn tán, á yọ gíláàsì ojú ẹ̀, á wá tẹjú mọ́ mi. Kò bú mi rí. Ó máa ń ní, ‘Ìwọ tí Toyibat wà lọ́dọ̀ ẹ, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀. Ìyá ẹ̀ náà fẹ́ràn ẹ̀. Gbé e wá bá mi, èmi ni kó o bá sọ̀rọ̀.’ Ká ní èébú ló ń bú ni, ọkàn mi ì bá le. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa tẹlifíṣọ̀n kó tó di àkókò ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ nígbà tí mo ń dáná, mi ò rántí pa á. Iná dé lójijì, ohùn Àlàájì sì gba gbogbo yàrá, ó ń pe Toyibat. Ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, ‘Sà. Mo wà ńbí. Ẹ wá gbé mi.’”

Ẹkún gba ohùn lẹ́nu Àdìzát. Ó nu ojú, ó sì tẹ̀ síwájú.

“Mo gbé e, mo gun ọ̀kadà, ó di ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kí n tó débẹ̀, àwọn kan ti dá ọmọ náà mọ̀ lọ́nà. Wọ́n ń pariwo gbọ́mọgbọ́mọ bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún Àlàájì lórí ìkúnlẹ̀, a sì ń gbọ́ wọn ní géètì. Wọ́n ti gbé táyà dání. Àlàájì wo mi, ó wo ọmọ. Ó ní, ‘Tí mo bá sọ òtítọ́ báyìí, wọ́n á sun ẹ́ lójú ọmọ yìí, kò sì ní gbàgbé ẹ̀ títí ayé ẹ̀.’ Ó lọ jókòó síwájú kámẹ́rà. Ó ní obìnrin aláàánú kan rí Toyibat lábẹ́ afárá lọ́sàn-án òní, ó sì gbé e wá tààrà. Àwọn tó gbé táyà wá gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n ẹnu géètì, àwọn náà ló gbé mi sí èjìká. Àwọn aládùúgbò mi tó fura pàápàá gbé ọ̀rọ̀ mì, torí ta ló máa bá Àlàájì jiyàn?

“Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó tún orí ọmọ ṣe, ó sì tún tèmi tí mo jí i gbé ṣe mọ́ ọn. Ó wá sọ fún mi pé, ‘Mo ti fi orúkọ mi bo ẹ̀mí ẹ. Ìyókù dọwọ́ ẹ. Lọ́jọ́ tó o bá lè ṣe é, ìyá ọmọ yìí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ.’ Kò tún bi mí mọ́ títí tó fi kú. Gbogbo Ramaláànù ló máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, á ra bùtà kan tí mo mọ̀ pé kò nílò, á béèrè àlàáfíà mi, á máa lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ó bò mí, mo tún dúpẹ́ pé kò fi bíbò tó bò mí yọ mí lẹ́nu.”

Bó bá dúró síbẹ̀, bóyá àwọn èèyàn ì bá ṣàánú ẹ̀. Àwọn obìnrin kan tilẹ̀ ti ń fi ìborùn nu ojú. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àdìzát gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Hàlímọ̀tù.

“Ẹ ò lè rántí ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rí mi,” ó ní, “torí ẹkún ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ wá sílé mi nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ lásán lẹ wà, ẹ mú fọ́tò Toyibat dání. Ẹ ní ṣé mo rí i. Mo wo fọ́tò yẹn dáadáa, mo ní mi ò rí i. Mo fún yín lómi, mo dojú ike délẹ̀ kẹ́ ẹ jókòó. A jọ ṣàdúà kí Ọlọ́run fi ọmọ yín hàn. Ọmọ yín ń sùn lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó wúkọ́. Ẹ yíjú sọ́hùn-ún, ẹ bi mí pé, ‘Ọmọ yín ni?’ Mo ní, ‘Ọmọ mi ni.’ Ẹ wá gbọ́wọ́ sókè, ẹ ní, ‘Ọlọ́run á bá yín dá a sí.’ Ẹ fi ẹnu ara yín ṣàdúà fún mi. Mo ṣe àmín. Ẹ sì dìde, ẹ ń wá a lọ.”

Ó dojúbolẹ̀. “Ẹ forí jì mí. Tẹ́ ò bá lè forí jì mí, ẹ̀bi yín kọ́. Toyibat, forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ ẹ wà ńbí, tí ojú ọmọ bá ń pọ́n yín, ẹ sunkún, ẹ bẹ Ọlọ́run, ẹ gba ọmọ tọ́ lọ́nà tó tọ́. Ẹ má fi omijé ẹlòmíì nu tiyín.”

Toyibat tú ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, ó gbé e mọ́ra, ó sì rọra jókòó sílẹ̀. Hàlímọ̀tù ò tíì gbójú sókè. Ó ní, “Ikọ́ tí mo gbọ́ yẹn. Toyibat ni?”

“Òun ni.”

“Ṣé ó ti jẹun?”

Gbogbo ìbéèrè tí Àdìzát ti ń múra sílẹ̀ dè láti ọdún yẹn wá, ìyẹn ò sí níbẹ̀. “Ó ti jẹun,” ó ní. “Ìrẹsì àti ẹyin ni. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí n bu díẹ̀ sí i.”

Hàlímọ̀tù bú sẹ́kún. Ó ní, “Oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi kọjá ní gbogbo ìgbà yẹn. Tí mo bá ti bu òkèlè, màá ní ebi ń pa ọmọ mi níbì kan.” Ó sunkún tó bó ṣe fẹ́, kò sẹ́ni tó pàrọwà fún un. Lẹ́yìn náà ló sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní.

“Mi ò lè sọ pé mo ti forí jì yín,” ó ní. “Kò tíì dé inú mi. Ṣùgbọ́n odidi oṣù kan lọmọ mi fi wà lọ́wọ́ yín, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ wá jókòó, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi. Tó bá jí láàárọ̀, kí ló máa ń kọ́kọ́ béèrè?”

Àdìzát jókòó tì í.

“Ẹ̀yin ni,” ó ní. “Ojoojúmọ́ ayé, ẹ̀yin ló máa ń béèrè.”