Orí Mi Kò Sí Nínú Àáró

Jókòó, Ìyá Ọlátúndé, má tíì dìde, o ti sọ tìrẹ, o ní kí n padà sí àáró lọ́jọ́rú, o ní ológun ti gbàjọba, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́, kí ohun tó ti kọjá kọjá. Mo gbọ́. Jókòó kí o gbọ́ tèmi náà, nítorí láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja, kò sì sí ẹnìkan nínú yín tó wá bi mí pé, Rẹ̀mílẹ́kún, kí ló dé tí o fi ṣe ohun tí o ṣe. Ẹ ò bi mí. Ẹ kàn dá mi lẹ́jọ́ ni.

Ọdún wo la ti ń bá a bọ̀? Ìwọ, èmi, Janet àti Rose. Lónìí pákí tìrẹ, lọ́la ti Janet, lọ́tùnla ti Rose, tèmi a wá kẹ́yìn. A ó bẹ ẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi, tó bá rọ̀ a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n ní roboto, a ó gbé e sórí iná títí yóò fi di púpurú tí àwọn Ìlàjẹ ń wá bá wa rà. Ǹjẹ́ ó kan ẹnì kan rí tí ẹ wò yíká tí ẹ ò rí mi? Ọjọ́ tí apá mi wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ńkọ́? Ọwọ́ òsì ni mo fi bẹ pákí Rose lọ́jọ́ náà, o wà níbẹ̀, ìwọ lo ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi tí mi ò fún ọ.

Ó wá di ọjọ́ tí ọkọ rẹ pè wá sí pálọ̀ yín, Bàbá Ọlátúndé tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ní ìlú yìí nígbà náà. A jẹ ìrẹsì. Ó dárúkọ ọkùnrin tí wọ́n gbé wá láti Òkìtìpupa pé òun ni ká dìbò fún. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ìwọ fúnra rẹ dìde, o ní a jọ ń dá àáró ni, a ó jọ dìbò ni, ẹni tí a bá ti bá bẹ pákí, ìbò rẹ̀ ti di tiwa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. O rí mi, o rò pé apá ló ń dùn mí.

Mi ò dìbò fún un. Janet bi mí lọ́nà ilé lọ́jọ́ ìbò, mo sì sọ fún un, ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Kí n parọ́ ni? Èmi tí mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìbò náà, tí mo wọ sùtánà funfun, tí mo bọ́ bàtà, kí n wá fi ẹnu tí mo fi kọ hálelúyà parọ́ nítorí ọkọ rẹ?

Nítorí kànga ni. Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Kànga tí wọ́n fi owó orí gbogbo ìlú gbẹ́, ọkọ rẹ ṣe ọgbà yí i ká, ó gbé àgádágodo lé e, ó pín kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi náà gba kọ́kọ́rọ́ kan. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Lóòrọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń fami lọ́wọ́, Mildred aya Olúsànyà dúró lẹ́yìn ọgbà, korobá òfìfo lọ́wọ́, ọmọ lẹ́yìn, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ń ṣe ẹgbẹ́ kejì. Kò tọrọ. Ó kàn ń wò mí. Mo ti ilẹ̀kùn ọgbà, mo fi àgádágodo há a, mo gbé omi mi lọ sílé. Inú ẹrẹ̀ odò ló ti lọ bu tirẹ̀, ọmọ yẹn sì yàgbẹ́ gbuuru fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo ṣe é o, kì í ṣe ọkọ rẹ. Ọkọ rẹ kàn fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo gbà gbọ́. Mi ò kàwé, mi ò mọ ìjọba lókèèrè. Ohun tí a fi owó gbogbo ìlú ṣe, gbogbo ìlú ni yóò lò ó, ẹni tó dìbò fún ọ àti ẹni tó ń bú ìyá rẹ. Òùngbẹ ò mọ ẹgbẹ́. Àti pé ọwọ́ ni mo fi dá àáró, mi ò fi orí dá a. Ẹ ní ọwọ́ mi. Orí mi, Iye mi tó bí mi ló gbé e fún mi, Ọlọ́run ló sì mọ ohun tó kọ sí i.

Kí lẹ wá fi san án fún mi? Ó kàn mí, pákí mi ti wà nínú omi fún ọjọ́ márùn-ún, ìkòkò ńlá mẹ́rin, mo gbálẹ̀, mo dáná, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó yọjú. Rose gba iwájú ilé mi kọjá, ó ń wo orí ọ̀pẹ bí ẹni tó ń ka ẹyìn. Títí di ọjọ́ kẹjọ, pákí ti rà, òórùn ti gba àdúgbò kan, àwọn ọmọdé ń dimú kọjá. Ta ló wá? Mildred. Mi ò ránṣẹ́ pè é. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ bọ nǹkan rírùn yẹn, agbọ̀n méjì péré la rí yọ nínú rẹ̀. Kò bi mí ẹni tí mo dìbò fún.

Ìgbà yẹn lẹ ti ń bá a bọ̀ títí di òní, ẹ ò kí mi, àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ọlọ́run, ẹ sún kúrò lórí ìjókòó tí mo bá jókòó sí. Ní báyìí ọkọ rẹ ní òun ò ṣe òṣèlú rí láyé òun. Ìró tí o ró sábẹ́ yẹn ńkọ́? Aṣọ ẹgbẹ́ ni, o yí inú rẹ̀ síta. Jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, má fà á bò, èmi náà ní irú rẹ̀.

Kí lo wí? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà? Mo mọ òwe náà kí o tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí pákí mi ń rà, ọwọ́ ta la gbá jọ?

Mi ò ní tàn ọ́. Mo nílò yín. Opó ni mí, apá yìí kò gbé nǹkan mọ́, ohun tí mo ń ṣe lọ́sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀, oṣù kan ni mo fi ń ṣe é báyìí. Bí mo bá ń gbọ́ ohùn yín nílé Janet, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ojú mi a máa ṣomi. Mo sọ ọ́, kò tì mí lójú.

Ṣùgbọ́n lọ sọ fún wọn, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, má bù ú kù. Ní Rẹ̀mílẹ́kún ní bí òun bá wá, Mildred ń bá òun bọ̀, àwa márùn-ún la ó sì jọ máa dá a. Ní ó ní òun yóò bẹ pákí yín títí èékánná òun yóò fi bó. Ní bí ológun bá lọ lọ́la, tí wọ́n tún gbé àpótí ìbò dé, tí Bàbá Ọlátúndé tún pè wá sí pálọ̀, òun yóò jẹ ìrẹsì rẹ̀, òun ò sì ní dìbò fún ẹni rẹ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, tí wọ́n ṣì ní kí n wá, kí ilẹ̀ ọjọ́rú tó mọ́ màá ti dé. Bí wọ́n bá dákẹ́, má wulẹ̀ padà wá jíṣẹ́ fún mi.