Láàpútọ́ọ̀pù Tí Kò Pariwo

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó mọ ohun tí a gbé sórí tábìlì, tó sì mọ èyí tí a fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ ń gba fírídọ́ọ̀mù iṣẹ́ yín lónìí, mo kí yín. Wọ́n ní kí n ṣe wáàsí ráńpẹ́. Ìdí tábìlì iṣẹ́ ni mo ti kọ́ èyí tí mo mọ̀, kì í ṣe inú ìwé púpọ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: tí o bá mọ àléébù ọjà rẹ, dandan ni kí o sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Mi ò sọ pé kí o má purọ́. Kí o sọ ọ́ ni mo wí. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, ìyàtọ̀ yẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù.

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó, Múfútáù lorúkọ rẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló ń tà, ó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Kì í pa ìrun jẹ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mi ò sọ pé olè ni. Ká ní olè ni, ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti fẹ̀yìn ti àga báyìí, pé ìtàn yìí kò kàn wá.

Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, Háfúsátù, olùkọ́ ní ilé kéwú àdúgbò.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wá èyí tí kò ní pariwo. Mo fẹ́ máa gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀ tí wọ́n bá ń ké Kùránì. Èyí tí mo ń lò, bí ẹ̀rọ ìlọta ló rí. Tí ọmọ bá ń ké e níwájú, òun náà á máa hu lẹ́yìn, àfi bíi pé àǹjọ̀nú ló ń gbè é.”

Múfútáù rẹ́rìn-ín. “Ó tún kù?”

“Kó fúyẹ́. Èjìká mi kan ò gba ẹrù mọ́.”

“Ojú ẹ̀ ńkọ́?”

“Ojú ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kí n lè rí àmì òkè yàtọ̀ sí àmì ìsàlẹ̀ lára hárááfì Lárúbáwá. Tí wọ́n bá dà rú mọ́ mi lójú, tí mo wá kọ́ ọmọ ní òdì, mo ti yí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun padà nìyẹn.”

Ṣé ẹ rí obìnrin yẹn? Ó mọ ohun tó ń wá. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ fi ń ra láàpútọ́ọ̀pù, ẹ kọ́gbọ́n.

Múfútáù ní ọ̀kan lórí pẹpẹ. Ó tínrín bíi wàláà, ọwọ́ kan lèèyàn fi ń gbé e. Ojú rẹ̀ mọ́ débi pé o lè ka hárááfì tó kéré jù lọ láìfojú sún mọ́ ọn. Nǹkan kan ló bà á jẹ́. Fáànù inú rẹ̀ ti ṣẹ́, tí ẹ bá tàn án, á máa han gooro. Ó ti wá irú fáànù yẹn títí, kò rí i.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n nù ún fún yín.” Ó gbé e wọ inú lọ, ó tú ikùn rẹ̀, ó sì fa wáyà fáànù yẹn yọ. Wáyà kékeré ni, kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Bó ṣe fẹ́ dé e padà, ó rí i pé bátìrì rẹ̀ náà ti ń wú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó dé e.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe oníṣẹ́ wa, fáànù ló ń fẹ́ ooru jáde nínú rẹ̀. Tí kò bá ṣiṣẹ́, inú ni ooru ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì.

Ó gbé e jáde, ó tàn án. Kẹ́kẹ́ pa. Háfúsátù fi etí lé e. “Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò tíì kú báyìí?”

“Kò kú, ẹ wo ojú ẹ̀.”

“Ẹ búra fún mi pé bó ṣe máa rí nìyí tí mo bá délé.”

Múfútáù ní, “Wàlláhì, ẹ ò ní gbọ́ ariwo fáànù kankan nínú ẹ̀ láéláé.”

Ó purọ́ ni àbí kò purọ́? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ọkùnrin ńkọ́? Ẹ ti dákẹ́. Ẹ tú ìbúra yẹn wò ní ẹyọ ẹyọ ọ̀rọ̀, ẹ ò ní rí irọ́ kankan níbẹ̀. Màlékà tó ń kọ iṣẹ́ wa, kí lẹ rò pé ó kọ? Múfútáù náà fọkàn balẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ Ọlọ́hun sáà lobìnrin yìí fẹ́ fi ṣe, Ọlọ́hun á máa ṣọ́ ọ fún un. Ẹ ò rí i? Òun yọ fáànù, ó wá ní kí Ọlọ́hun máa fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Háfúsátù pè é lórí fóònù. Oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun o. Láàpútọ́ọ̀pù yín ò pariwo rárá. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì màmá mi, ó ń ka Kùránì sí wọn létí. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti kọ̀, wọn ò lè dá dìde, òun ni wọ́n á máa gbọ́ títí n ó fi dé. Mo ti tilẹ̀kùn, mo ti wà nínú ọkọ̀, Òṣogbo ni mò ń lọ.”

Múfútáù ní, “Orí bẹ́ẹ̀dì?”

“Lórí fóòmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Mo tiẹ̀ fi ìborùn mi bò ó kí eruku má bàa wọnú ẹ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló yẹ kí ó sọ? “Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ padà, ẹ lọ pa á.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n oníbàárà ń wò ó lẹ́nu. Tí obìnrin yìí bá bi í pé nítorí kí ni, kí ni yóò wí níwájú wọn? Ahọ́n rẹ̀ ṣẹ́rí padà. Ó ní, “Alihamudulilahi,” fóònù sì gé.

Ó jókòó. Ó gbé sukudíráfà, ó gbé e sílẹ̀. Ó ń rí ìborùn yẹn lójú. Ó ń rí bátìrì yẹn lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń wú sí i. Ó pe Háfúsátù padà, kò wọlé. Ó tún un pè. Ó dìde, ó sì sáré láìwọ bàtà. Wọ́n ti ń pe ìrun Àìlà. Ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní, “Múfútáù, ibí mà nìrun wà.” Ó sáré kọjá.

Nígbà tó dé ilé Háfúsátù, ilẹ̀kùn wà ní títì lóòótọ́. Ó gbọ́ kéwú láti ojú fèrèsé, ohùn tútù, ohùn tó dára. Ó ní, “Màmá.” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Òórùn rọ́bà tó ń jó ló kọ́kọ́ kàn án nímú. Lẹ́yìn náà, kéwú yẹn fà, ó dáwọ́ dúró lágbede méjì áyà Kùránì. Kò sí ariwo kankan mọ́, àfi ikọ́ ẹnì kan nínú yàrá.

Ó ké pe àwọn ará ilé kejì. Bàbá Ràímì káfíńtà gbé àáké wá, wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn. Èéfín dúdú ló kọ́kọ́ jáde sí wọn. Múfútáù fi ìkúnlẹ̀ rá wọlé, ó wọ́ ìyá yẹn jáde lábẹ́ apá. Ìyá náà yè. Ṣùgbọ́n iná ti jó ọwọ́ rẹ̀ kan àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ bó.

Bàbá Ràímì wò ó. “Múfútáù, ta ló pè ọ́ wá síbí? Báwo lo ṣe mọ̀?”

Ó la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, obìnrin kan ti bá a dáhùn. “Ọlọ́hun ló fi hàn án. Ẹ ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán?” Gbogbo wọn ní, “Sùbúhánàlláhì.” Múfútáù pa ẹnu dé.

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń pè é ní wàlíyì, ẹni mímọ́ Ọlọ́hun. Tó bá wọ mọ́ṣáláṣí, wọ́n á sún fún un ní sàfù iwájú. Ẹ wo irú ìjókòó yẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Múfútáù á yára já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Nígbà tí ara ìyá yá díẹ̀, wọ́n ṣe sàráà, wọ́n pe Múfútáù. Ìyá náà fi ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí gbogbo ilé tẹ́ ọwọ́ àdúà.

Ó ní, “Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ nìkan lo mọ ohun tí ọwọ́ yìí ṣe sí mi. Má dín in kù, má fi kún un. San án fún un láyé, san án fún un ní àlùkìyáámà, san án fún àwọn ọmọ rẹ̀, bó ṣe ṣe é sí mi gẹ́lẹ́.”

Gbogbo ilé ní, “Àmín.”

Háfúsátù yíjú sí i. “Bọ̀ọ̀dá, àdúà yín mà ni. Ẹ ò ṣe àmín.”

Múfútáù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà. Èmi ni mo yọ wáyà fáànù ẹ̀. Mo rí bátìrì tó ń wú, mo dé e. Mo mọ̀ pé yóò gbóná.”

Háfúsátù fi ọwọ́ bojú. Bàbá Ràímì dìde, ó bọ́ síta. Ìyá yẹn kò pariwo, kò sì já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Ó ní, “Ọmọ mi, mo ti ṣe é. Gbogbo ilé sì ti ṣe àmín sí i.”

“Ẹ ṣe òmíràn, Màmá.”

“Màá ṣe òmíràn. Mo ti dárí jì ọ́, ìyẹn ò nira fún mi. Ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ yẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é padà.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàwé ẹ̀rí lónìí, lọ́la ẹ ó ní tábìlì tiyín. Ẹnì kan yóò jókòó síwájú yín, kò mọ ohun tí ẹ mọ̀, ohun tó dára ló ń wá. Ẹ sọ ọ́ fún un. Tó bá ní òun kò rà mọ́, kó máa lọ ní àlàáfíà.

Ọlọ́hun, tọ́ ọwọ́ wa sọ́nà níbi tí ojú oníbàárà kò dé. Tú ahọ́n wa sílẹ̀ nígbà tí òótọ́ bá fẹ́ tì wá lójú. Èyí tí a ti ṣe tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, fún wa ní agbára láti lọ sọ ọ́ kí iná tó sọ ọ́. Ohun tí ọwọ́ kálukú wa ṣe fún ọmọnìkejì rẹ̀, Ọlọ́hun, san án fún wa gẹ́lẹ́ bí a ṣe ṣe é.

Ẹ rora o. Kí kálukú kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, kó tó ṣe àmín.