Kọ́ọ̀pù Gààrí Tí Mo Mọ fún Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi kò jẹ oúnjẹ tí mo bá sè mọ́, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀pù amọ̀ tí mo mọ fún un ló ṣì fi ń mu gààrí. Kọ́ọ̀pù yẹn gan-an ló ń pa á lára. Mo ti sọ fún un, kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, nítorí ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan ti dá a tán.

Iṣẹ́ ìkòkò mímọ ni mo kọ́ lọ́wọ́ ìyá mi ní Ayépé. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, ìkòkò omi kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àsìkò náà ni ìjọba ti ibodè pa, tí fúláàsì àti kọ́ọ̀pù onídèérí tó ń ti òkè òkun wá di ohun tí a kàn ń fojú wò lórí igbá. Mo máa ń rí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó, tí wọ́n ń rẹ gààrí sínú agolo mílíìkì, tí omi ń dà sí wọn láṣọ bí mọ́tò bá ti bọ́ sí kòtò. Mo ní n óò mọ kọ́ọ̀pù ìrìnàjò fún wọn. Mo mọ ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè dúró láàárín orúnkún méjèèjì. Mo ṣe etí sí i, mo fi okùn so ìdérí mọ́ etí náà kí ó má baà yí lọ sábẹ́ àga. Ikùn àwọn àkọ́kọ́ kéré jù, gààrí wú nínú wọn, ó ti ìdérí dànù. Mo tún un mọ, mo fẹ ikùn rẹ̀, mo fẹ ẹnu rẹ̀ kí ṣíbí lè wọlé. Omi inú amọ̀ máa ń tutù, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń làágùn. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba gbé tirẹ̀ padà wá, ó ní, “Ìyá Ṣọlá, kọ́ọ̀pù yín dára o, ṣùgbọ́n gbogbo bọ́ọ̀sì ló rò pé mo tọ̀ sára.”

Omi èèpo èso igi irú ni ìyá mi máa ń wọ́n sára ìkòkò gbígbóná kí ó má baà jò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ wọ inú gààrí. Àbúrò ọkọ mi ló wá mú ọ̀nà mìíràn wá. Adúmáadán ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó ilé kì í dárúkọ ọmọ ọkọ. Bátìrì mọ́tò ló ń tún ṣe nítòsí gárèèjì. Ó ní bí a bá sun òjé inú bátìrì, tí a lọ̀ ọ́ kúnná, tí a pò ó mọ́ ìgò lílọ̀, tí a fi kun kọ́ọ̀pù kí a tó tún un sun, yóò dán bí àwo òyìnbó. A mọ ààrò kékeré sẹ́yìn ilé. Àwọn kọ́ọ̀pù náà jáde ní àwọ̀ oyin. Omi kò jò mọ́, òórùn kò sí. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Èyí tó dára jù nínú wọn ni mo kúnlẹ̀ gbé fún Ìyá, ìyá ọkọ mi, tó ń gbé pẹ̀lú wa, tó sì ń lọ ra aṣọ ní Èkó. Ó yí i wò títí. Ó ní, “Ìyàwó, èyí ni n óò máa gbé lọ títí n óò fi ṣíwọ́ ìrìnàjò.” Nílé pàápàá, òun nìkan ló fi ń mu gààrí.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ìyá. Kò rí ìgbẹ́ yà dáadáa, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. A ní àgbà ló dé. Nọ́ọ̀sì kan láti Odògbólú, oníbàárà mi, ló gbé kọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá hàn mí. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ibi tí gààrí máa ń dé, dídán ti lọ. Mo fọwọ́ kàn án, kò jọ̀lọ̀ mọ́. Ó bi mí pé kí ni mo fi kùn ún, mo sọ fún un. Ó gbé kọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Májèlé ni òjé, Ìyá Ṣọlá. Kíkan gààrí wa yìí ló ń jẹ ẹ́ kúrò lára amọ̀, ẹni tó ń mu gààrí ló sì ń gbé e mì. Ẹ gba gbogbo wọn padà.”

Kíkan tí a fi ń yangàn lórí gààrí Ìjẹ̀bú! Mo lọ láti ilé dé ilé. Àwọn kan kùn, àwọn kan bú mi, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà, mo sì fọ́ gbogbo rẹ̀. Nínú àwọn tí mo mọ ilé wọn, ó wá ku ti Ìyá. Ọkọ mi ní kí n rọra. Ó ní, “Ṣé o máa bọ́ síwájú ìyá mi kí o ní o fún un ní májèlé? Ta ni yóò dúró gbọ́ ìyókù?” Ni mo bá purọ́, mo ní mo fẹ́ fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá gbá kọ́ọ̀pù mọ́ra. Ó bi mí pé kí ni òun ṣe fún mi tí mo fi ń gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ òun. Mo gbé tuntun tí kò ní òjé wá, ó fi í fún aládùúgbò. Lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ tí ṣíbí ń dún nínú kọ́ọ̀pù yẹn.

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, òjé, bátìrì, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì.

“Ọbẹ̀ rẹ ni mo ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́,” Ìyá ní. “Nígbà tí àìsàn dé, o wá wá kọ́ọ̀pù tí yóò ru ẹ̀bi rẹ̀. Gbogbo ayé ló lò ó. Ta ló kú?”

Ó di ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ayépé, ó sì mú kọ́ọ̀pù dání. Ọkọ mi lọ bẹ̀ ẹ́. Adúmáadán dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gan-an lòun lọ òjé náà, Ìyá ní èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Nọ́ọ̀sì lọ, Ìyá ní ọ̀rẹ́ mi ni. Àwọn kan ní kí n ránni lọ fọ́ kọ́ọ̀pù náà ní kọ̀rọ̀. Bí Ìyá bá bá a ní fífọ́, kí ni yóò tún rò nípa mi? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, kí ni kí n ṣe? Kí ẹni tó bá sì ní kọ́ọ̀pù aláwọ̀ oyin láti ọwọ́ mi má ṣe fi mu ohunkóhun mọ́, kí ó gbé e wá fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ayépé rí Ìyá ní gárèèjì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní Ìyá ti rù. Ó ń dúró de bọ́ọ̀sì Èkó, kọ́ọ̀pù náà wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó ti ṣí ìdérí rẹ̀.