Orí Tí Ọkọ Mi Fi Kan Bọ́ọ̀lù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti ju ohun tí èmi nìkan lè gbé lọ. Ọkọ mi wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì le, síbẹ̀ mo ti di opó nínú ilé ọkọ mi. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo jáde láti yàrá, mo bá a ní pálọ̀ ilé wa ní Mansfield níbí, lẹ́bàá Dallas. Ó ti wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn dé orúnkún, ó gbé báàgì sáàárín ẹsẹ̀, ó ń wo ojú títì. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù ti dé?” Nọ́ọ̀sì ni mí lóòótọ́, iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn ní ọsibítù kan ní Oak Cliff. Ṣùgbọ́n ṣé nọ́ọ̀sì ló yẹ kí ọkọ ẹni máa pe ẹni nínú ilé tí a jọ kọ́?

Òyìnbó ni ọkọ mi. Dọ́nkàn lorúkọ rẹ̀, Bàbá Fúnmi ni mo máa ń pè é, ọmọ ìlú kékeré kan létí òkun ní Scotland. Ẹ má rò pé ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ni. Ìsàlẹ̀ líìgì ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà láti ọjọ́ tó wọ̀ ọ́ títí tó fi kúrò. Lójú mọmọ, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe; bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò lọ dánra wò nínú òjò àti òtútù. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí, kò sì sí bọ́ọ̀lù tó ti òkè wá tí kì í fi orí kàn. Nítorí orí yẹn ni gbogbo ìlú ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Orí yẹn náà ló so wá pọ̀. Mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá bá wa ní ọsibítù, òun àti agbábọ́ọ̀lù kan ti forí gbárí, iwájú orí rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀. Bí mo ṣe ń nu ẹ̀jẹ̀ náà, kò bi mí bóyá òun máa yè. Ó ní ṣé àwọn borí. Nígbà tó yá, ó padà wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá òun já òwú tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa kọ́ ló yẹ kó wá. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi ní Òṣogbo pé òyìnbó agbábọ́ọ̀lù fẹ́ fẹ́ mi, wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Mo ní káfíńtà ni. Wọ́n ní ìyẹn dára.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé bọ́ọ̀lù mọ́, tí ọsibítù kan ní Dallas gbà mí síṣẹ́, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré ni wọ́n mọ̀ níbí, kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Kò ráhùn. Ó ń ṣe ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú àwọn ilé tuntun ní Forney, ó ń rẹ́rìn-ín, a sì jọ tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa.

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ tú àṣírí àìsàn náà. Onílé kan ní Forney pè mí pé ọkọ mi gbé ilẹ̀kùn kọ́ ní ìdorí kodò, ó sì jókòó tì í, ó ń sunkún. Kò pẹ́ sígbà náà ló gbé mọ́tò jáde lọ ra gáàsì, ìyẹn epo ọkọ̀, tó gba fíríwéè, títì ńlá tó jáde nílùú, lọ títí tí epo fi tán nínú mọ́tò náà. Nígbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó bi mí bóyá ó máa ń fi orí kan bọ́ọ̀lù. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Dókítà mirí. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo ìkànpọ̀ wọ̀nyẹn ló kóra jọ tó ń jẹ ọpọlọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àṣé ohun tí à ń pàtẹ́wọ́ fún ló ń pa á. Ta ni kí n bínú sí, ẹ̀yin èèyàn mi? Èmi náà wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Móràgì, ní kí n gbé e wá sílé, kí ó rí ìlú rẹ̀. A lọ. Ní ẹnu ọ̀nà pápá ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ géètì wò ó, ó ní, “Dọ́nkàn, o pẹ́ lónìí.” Ọkọ mi dáhùn wẹ́rẹ́ pé, “Bọ́ọ̀sì ló pẹ́.” Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kò mọ ọ̀nà ilé ìdáná wa mọ́ rìn lọ sí etí òkun, ó sì dá padà wálé. Gbogbo èèyàn ló ń kí i lórúkọ. Inú mi dùn, ọkàn mi sì gbọgbẹ́.

Láti ìgbà tí a ti padà dé ibí ni Móràgì ti ń bẹ̀ mí lórí fóònù. Ó ní, “Ìyàwó wa, jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Gbogbo ìlú ni yóò bá ọ ṣọ́ ọ.” Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò lè bá a lọ. Iṣẹ́ mi ló ń gbọ́ bùkátà ilé, Fúnmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, èmi nìkan ló ní níbí. Fúnmi fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí Dádì lọ síbi tí inú rẹ̀ ti ń dùn, ó sì yíjú kúrò kí n má rí omijé rẹ̀. Màmá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní tiwọn sọ pé, “A kì í dá ọkọ padà bí aṣọ tí kò bá ara mu.”

Ní àná, mo jókòó tì í, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, “Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ fẹ́ padà sílé, sọ́dọ̀ Móràgì?” Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní òun fẹ́. Lẹ́yìn náà ló fajú ro, ó ní, “Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ńkọ́? Mi ò lè fi í sílẹ̀.” Mo bi í pé níbo ni ìyàwó rẹ̀ wà. Ó ní ó wà níbi iṣẹ́, kò ní í pẹ́ dé, kí n jọ̀wọ́ bá òun dúró dè é.

Mo bá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣe rí, ẹ bá mi sọ ọ́: tí mo bá gbé e wọ bàálù, ṣé ìfẹ́ ni mo ṣe, tàbí mo kọ ọkùnrin tó ṣì ń retí mi sílẹ̀?