Ilà tí Mo Kọ Sójú Màríà

Ẹni tó bá fẹ́ bínú ní Ìfọ́n kó tètè bẹ̀rẹ̀, torí n kò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí mì mọ́: Mọ́ládùn, ìyàwó Adégbénró, kò fìgbà kan jókòó fún mi pé kí n ya òun. Èmi Jímọ́ọ̀ ayàwòrán, ọmọ Ìlobùú, ni mo ba ilé rẹ̀ jẹ́. Àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀ yìí kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí.

Lọ́dún 1969, pátákó ṣọ́ọ̀bù ni mo ń kọ jẹun. Tíṣà Oyèdìran, tó ń darí ìjọ Àgùdà kékeré kan ní Ìfọ́n, ló fún mi ní ọ̀dà olóròóró àti kàlẹ́ńdà kan. Màríà tó gbé ọmọ rẹ̀ ló wà lára kàlẹ́ńdà náà, àwòrán tí ará Ítálì kan ti yà láti bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Tíṣà ní, "Dà á kọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, o ti mọṣẹ́ nìyẹn." Èmi ọmọ ìmọ̀le! Mo ta òwú sórí kàlẹ́ńdà bí àwọ̀n, mo fi ẹfun fa irú rẹ̀ sórí aṣọ tí a kàn mọ́ igi, mo sì ń yà á lójú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan.

Mọ́ládùn ló máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jù mí lọ díẹ̀, ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n kì í yé rẹ́rìn-ín. "Jímọ́ọ̀, ìyá òyìnbó rẹ yìí funfun jù. Ṣé ibà ló ń ṣe é ni?" Mo ní, "Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó sinmi." Ó nawọ́ díẹ̀ sí ọmọ inú àwòrán, ó tún fà á sẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn lọkàn mi kúrò lára mi lọ bá a.

Ọ̀dà funfun tán kí n tó parí ojú Màríà. Èyí tí mo pò láìsí i dúdú díẹ̀, ó dà bí awọ tiwa. Ọwọ́ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Irọ́! Ó gbọ́ dáadáa. Mo fa pélé mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo fa ti àárín gùn dé ẹ̀bá ẹnu, bí olóòlà ṣe ṣèèṣì fà á fún Mọ́ládùn ní kékeré. Kò sẹ́ni tó tún ní irú rẹ̀ ní Ìfọ́n.

Tíṣà rí i, ó pariwo, "Ta ló kọlà fún Màríà? Nù ún kúrò, kò tíì gbẹ!" Òótọ́ ni, ọ̀dà olóròóró kì í yá gbẹ, àkísà oníkẹrosíìnì sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Màá nù ún, sà." N kò nù ún. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó títí ó fi gbẹ. Tíṣà lọ sí Òṣogbo. Kó tó dé, ìjọ ti gbé e kọ́ ògiri.

Ìyá ọkọ Mọ́ládùn ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Ọmọ tí kò bí fún wa, ó ti bí i fún ará Ìlobùú!" Ẹ sì mọ bí ìjà ilẹ̀ ṣe rí láàárín Ìfọ́n àti Ìlobùú.

Adégbénró wá bá mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Jímọ́ọ̀, jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó mi máa ń jókòó fún ọ?" Rárá ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó pé bó bá lé Mọ́ládùn, ọ̀dọ̀ mi ni obìnrin náà máa wá. Ahọ́n mi yìí, tí kò bẹ̀rù ọba, ló dáhùn: "Ẹ̀yin lọkọ. Ṣé ẹ ò mọ ibi tí ìyàwó yín ń lọ ni?"

Ó lé e nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Mọ́ládùn wá sí Ìlobùú lóòótọ́. Mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Kò wọlé. "Jímọ́ọ̀, kí ni mo fi ṣe ọ́? Dìde, ká lọ sọ òótọ́ fún wọn." Mo ní, "Ẹ wọlé ná." Ó wo ẹní, ó wo ojú mi. "Háà. Ohun tó o fẹ́ nìyí." Ó wọ ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì lọ sí Òkè Ọya.

Títí di àná, bí ọkọ̀ Òkè Ọya bá fọn fèrè, mo ń gbórí sókè. Mo ti ya obìnrin lóríṣiríṣi, n kò rí ojú rẹ̀ yà mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ má ṣe pe olè jíjà ní ìfẹ́.

Adégbénró, ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ wá a kàn, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́. Bó bá gbà kó padà, ẹ má jẹ́ kó gba iwájú ilé mi kọjá, torí màá tún wò ó.