Ẹ Di Ojú Yín, Ẹ Nawọ́ Sókè

Ẹ wọlé, Tíṣà Pyo, ẹ wọlé, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí agbowó-orí! Ẹ bọ́ bàtà yín síbẹ̀, ẹ jókòó síhìn-ín níbi tí iná abẹ́ ilé ti mú ilẹ̀ gbóná, ẹ jẹ́ kí òtútù kúrò lára yín kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí èmi kì í bínú sí ẹni tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó tó. Ṣé ara ti móoru? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ yín nírú iṣẹ́ yẹn? Mo ní ta ló kọ́ yín pé tí èèyàn bá fẹ́ mọ ọmọ tí ìyà ń jẹ nínú kíláàsì, ńṣe ló máa ní kí gbogbo wọn di ojú, kí àwọn tí ìyà ń jẹ wá nawọ́ sókè?

Ẹ má tíì dá mi lóhùn! Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín. Ẹ fẹ́ sọ pé àṣírí wọn lẹ fẹ́ bò. Àṣírí kẹ̀! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wo lẹ ti rí tí wọ́n ní kó di ojú tó sì dì í? Bí èèyàn bá ń sunkún gan-an, ó ṣì máa ń ríran, ká má tíì sọ ti ọmọ tí wọ́n sọ fún pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ rí! Nínú gbogbo kíláàsì yẹn, ọmọ ọmọ mi nìkan ló di ojú rẹ̀ dénú. Narae nìkan! Torí pé ó gbà yín gbọ́. Ẹ ní ẹni tí kò bá bàbá àti ìyá gbé, ẹni tí kì í rí oúnjẹ jẹ kó tó wá sílé ìwé, kó nawọ́, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ó nawọ́. Kì í ṣe pé ó fi ìtìjú gbé e díẹ̀ o, ó nà án tán pátápátá, torí mo ti kọ́ ọ pé bí tíṣà bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, òótọ́ ni kó sọ. Èmi ni mo kọ́ ọ! Ẹ wo bí èmi àti ẹ̀yin ṣe jọ fọwọ́ so pọ̀ ta ọmọ náà.

Kí agogo tó lù, Taeul ọmọ ìyá aládìẹ díndín ti yọjú láàárín ìka rẹ̀, ó ti ka gbogbo ọwọ́ tó wà lókè, ó sì ti sọ wọ́n lórúkọ. Ọlọ́wọ́-Òkè. Bí Narae bá kọjá, wọ́n á na ọwọ́ wọn sókè. Bó bá gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á na ọwọ́ wọn sókè. Ṣé ẹ rí wọn? Ẹ ò rí wọn. Ẹ̀yin ni ojú yín dì!

Ẹ gba abọ́ yìí. Ẹ ò lè jókòó máa wò mí bí ẹni ń wo ìran, iṣẹ́ wà nílẹ̀, ọ̀la ni wọ́n máa wá kó ẹja yọ̀yọ̀ gbígbẹ yìí. Ẹ já orí rẹ̀, ẹ là á láyà, ẹ yọ dúdú inú rẹ̀ sọ nù, òun ló ń mú omi ọbẹ̀ korò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ máa ṣe é, ẹ máa gbọ́.

Ṣé ẹ rò pé oúnjẹ ni mo kọ̀ ni? Wọ́n ti lọ ń sọ ọ́ káàkiri etíkun pé ìyá arúgbó yìí gbéra ga, wọ́n fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ, ó ní òun ò gbà. Irọ́ ni! Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń wà nídìí ìkòkò tá a fi ń bọ ẹja, èéfín ní ojú, iyọ̀ ní ọwọ́, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ wà níbẹ̀ kí n tún wà níbí kí n máa bu ìrẹsì gbígbóná fún ọmọ. Mo máa ń gbé ti àná sílẹ̀ fún un pẹ̀lú ewébẹ̀ oníyọ̀, kimchi. Ìrẹsì tútù. Nígbà míì á jẹ ẹ́, nígbà míì mo máa ń dé bá a bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ ìpẹja lójú agbami, ìyá rẹ̀ ti padà sílé wọn ní Vietnam, èmi ló kù. Tí ilé ìwé bá fẹ́ fún ọmọ mi lóúnjẹ àárọ̀, màá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí wọn! Ebi kọ́ ni mò ń jà fún. Ẹ̀sín ni mò ń bá jà. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn tó ṣáájú wa ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì sọ pé ó di ìgbà tí èèyàn bá dàgbà.

Àbí kí ni ẹ̀ ń pe ohun tí Ọ̀gá Maeng fi hàn wá lọ́jọ́ ìpàdé òbí yẹn? Ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá a tan àwòrán sára ògiri. Odidi ọ̀gá ilé ìwé, ó wọ kóòtù, ó ní ìjọba ti ní kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tí nǹkan ò rọgbọ fún nílé, àti pé tiwa ló máa dáa jù ní gbogbo erékùṣù Namhae yìí. Mo ń mi orí. Mo ní ó dáa, ó dáa. Àfi bó ṣe di yàrá tí wọ́n ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí gbogbo ọmọ ń gbà wọlé, tí wọ́n wá kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà pé Yàrá Ìrètí. Ìrètí! Ó ní àwọn tó nawọ́ ló máa máa jẹun níbẹ̀. Ó ní wọ́n á máa gbé báàgì aláwọ̀ ìyeyè kí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn lè dá wọn mọ̀. Báàgì ìyeyè, Tíṣà! Kí ló kù? Kí wọ́n so agogo mọ́ wọn lọ́rùn! Ó wá ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn oníṣòwò tó dá owó sí i máa wá, wọ́n á so aṣọ gígùn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí kọ́, àwọn ọmọ á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á di ẹ̀ṣẹ́ sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ti Ọ̀gá Maeng tún wá ju ìlóṣòó lọ, òun gbé àga lọ síbẹ̀!

Ni mo bá dìde. Mo mọ̀ pé ẹ rí mi nígbà tí mo dìde, torí ńṣe lẹ dorí kodò. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, ètò yín dáa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ọmọ nìkan ni ìyà ń jẹ ni? Àwa òbí náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa bí ẹ ṣe ṣe tàwọn ọmọ. Gbogbo ilé, ẹ di ojú yín!" Ẹ mọ ìlú wa, arúgbó pariwo, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n di ojú. Ìyá aládìẹ di ojú. Ọkùnrin tó ń ta mọ́tò di ojú. Mo ní, "Ẹni tí ọkọ rẹ̀ sùn síta lóṣù yìí, kó nawọ́, kò sẹ́ni tó máa rí i." Mo ní, "Ẹni tí báǹkì ń pè tí kì í gbé fóònù, kó nawọ́." Kò sí ọwọ́ kankan, Tíṣà, ojú ló ń là! Mo ń rí wọn, wọ́n ń là lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù fẹ́ mọ ilé ẹni tó ń jó! Ìyá Taeul ti di ọ̀kan, ó la ọ̀kan. Ọ̀gá Maeng fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bojú, ó ń wò láàárín ìka bí Taeul gẹ́lẹ́! Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà ò lè di ojú yín títí èèyàn fi máa gbé itọ́ mì, ẹ wá ní àwọn ọmọ yín dì í?" Ẹ̀rín pa mí, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè, etí mi ti ń lọ.

Kí n wá bẹ̀ ẹ́?

Ẹ tún un sọ, Tíṣà Pyo. Ṣé ohun tí wọ́n rán yín wá sọ nìyẹn? Pé kí n wá sí ọ́fíìsì, kí n tẹrí ba fún Ọ̀gá Maeng, kí n sọ pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, nígbà náà ni wọ́n á tó gba ti Narae rò? Ẹ gbọ́ o. Mo fi sàréè ọkọ mi tó wà lórí òkè yẹn búra, òkun yìí máa gbẹ, ẹja máa fẹsẹ̀ rìn wọ ìkòkò mi, kí n tó tẹrí ba fún ọkùnrin yẹn! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, mo rí orí tó wọ́, mo sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi dà níbẹ̀?

Mi ò pariwo. Ohùn mi ni.

Narae wà níbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn bébà yẹn. Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà lábẹ́ kúbùsù. Ó ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́. Ó ní òun á máa bá mi bọ ẹja. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ! Ọmọ tó máa ń ka ìwé sí mi létí títí oorun á fi gbé mi lọ, òun ló ní òun fẹ́ bá mi dúró nídìí èéfín. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ má gbójú kúrò. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́, kò sí ibi tí kò sán. Ṣé irú ọwọ́ yìí ni kó ní? Ẹ̀rù ń bà mí, Tíṣà. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí ọ̀sẹ̀ yìí bá kọjá tó ṣì wà lábẹ́ kúbùsù yẹn, kò ní jáde mọ́ bí ọmọ ilé ìwé, á jáde bí ọmọ alágbàṣe. Ẹ̀yin lẹ sì ní kó nawọ́.

Ẹ dúró ná.

Ẹ jẹ́ n wo ọwọ́ ẹ̀yin náà. Rárá, ẹ má dáwọ́ dúró, ẹ máa ṣe é lọ. Ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò ti dúdú inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan yẹn? Èmi ò kọ́ yín ní ìyẹn. Àwọn tíṣà tó ti Seoul wá, tí wọ́n bá bá mi já orí yọ̀yọ̀, wọ́n á fọ́ ọ yángá-yángá, màá dà á fún ológbò. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ wo ọwọ́ yín. Abọ́ yín ti fẹ́ kún, mò ń sọ̀rọ̀ ni mi ò rí i.

Ẹ má sọ nǹkan kan. Mi ò bi yín. Tí mo bá fẹ́ bi yín, ṣebí mo mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè nílé ìwé yín.

Ẹ di ojú yín. Mo ní kí ẹ dì í, Tíṣà Pyo! Èmi náà ti di tèmi, ẹ wò ó, ó ti dì gbọn-in, àgbàlagbà ni mí, mi ò ní yọjú. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìyá àgbà ló tọ́ ọ, tó máa ń ti ilé ìwé dé tí á jókòó ti ẹja, tí ìrẹsì tútù mọ orúkọ rẹ̀, tí tíṣà kan ti sọ fún rí nígbà tó wà ní kékeré pé kó di ojú kó nawọ́, kò sẹ́ni tó máa rí i, kó nawọ́ rẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó máa rí i.

Mò ń dúró o.

Abọ́ ló yí yẹn. Yọ̀yọ̀ mi ti dà sílẹ̀. Kò burú, kò burú, mi ò rí nǹkan kan, ojú mi ṣì dì.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Ta ló fa ilẹ̀kùn yẹn? Narae! Ṣebí gbogbo ilé ni mo ní kó di ojú! Hẹ̀ẹ̀! Ẹ gbọ́ ọmọ burúkú yìí, ó ní, "Màmá àgbà, tíṣà nawọ́! Ó nà án tán!" Ẹ̀rín pa mí o! Èmi ò yọjú, tíṣà ò yọjú, ọmọ tí wọ́n fi ojú lílà pa lẹ́kún ló wá yọjú!

Ó tó, Tíṣà, ọmọ mi. Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀. La ojú rẹ, kò sí ọ̀tá níbí. Má sunkún sórí yọ̀yọ̀ mi, iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti tó o.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́, mi ò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní bẹ Ọ̀gá Maeng, kó gbàgbé ìyẹn. Lọ́la, kó o yọ pátákó yẹn kúrò. Kó o kó báàgì ìyeyè yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ fi kó ànàmọ́. Kó o ṣílẹ̀kùn yàrá yẹn gbayawu fún ọmọ yòówù tí ebi bá ń pa, ọmọ aládìẹ, ọmọ ọ̀gá, gbogbo wọn, kò séèyàn tí ebi kì í pa láàárọ̀. Ìwọ ni kó o sì kọ́kọ́ wọlé. Jókòó sáàárín wọn, jẹun, kí wọ́n máa wò ẹ́, ojú gbogbo wọn ní lílà. Bí wọ́n bá bi ẹ́ ìdí tí tíṣà fi ń jẹun níbẹ̀, o mọ ohun tó o máa sọ. Bí Ọ̀gá bá ń jà, sọ pé ìyá arúgbó ẹlẹ́ja ló rán ẹ, kó wá bá mi níbí, abọ́ ṣì pọ̀.

Kí lo wí, Narae? Sún mọ́ ọn kó lè gbọ́. Ó ń bi ẹ́ bóyá ẹyin máa wà nínú oúnjẹ àárọ̀ náà lọ́la. Ọ̀rọ̀ kàn ẹ́ báyìí, Tíṣà. Dá a lóhùn!