Ẹ̀gbọ́n Mi Ni, Mo Pè É Ní Ọmọ Ọ̀dọ̀ Nílẹ̀ Gíríìkì

Ẹ gbà mí láyè kí n jókòó tì yín, nítorí ohun tó wà nínú mi ti wúwo ju ohun tí mo lè dá gbé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ẹni tó pọ̀n mí tí mo tọ̀ sí lẹ́yìn, ló ń pè mí ní "mà" báyìí. Bí mo bá kí i pé, "Àǹtí, ẹ káàárọ̀," á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà, ṣé dáadáa lẹ jí?" Kò fajú ro o. Kò bú mi, kò sì ròyìn mi fún ẹnì kankan. Ì bá gbá mi létí, ǹ bá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n "mà" yìí, tó máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ, kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Ta ni mo sì fẹ́ dá lẹ́bi? Ọwọ́ mi ni mo fi fà á.

Ọmọ Usọ ni wá, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ìyá wa kú nígbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bàbá wa jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ikú ìyàwó rẹ̀ fọ́ ọ pátápátá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Òun ló ń lọ fọ́ kòkó lóko, òun ló ń sá a, òun ló ń bó ẹ̀gẹ́ tó ń yan gààrí, tí èéfín sì ń sọ ojú rẹ̀ di pupa. Nínú gààrí yẹn ni mo ti lọ sí gírámà l'Ọ́wọ̀, inú rẹ̀ náà ni mo ti lọ sí yunifásítì. Nígbà tí mo ríṣẹ́ ìjọba l'Ákúrẹ́, tí ọkọ mi kú, tí wọ́n sì ń gbé mi láti ìlú kan sí òmíràn, Àǹtí ló gba Káyọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tó tọ́ ọ títí ó fi wọ gírámà. Mọ́mì ni Káyọ̀dé ń pè mí, Màmá Usọ ló ń pe Àǹtí. Èmi fúnra mi mọ èyí tó dùn lẹ́nu rẹ̀ jù nínú méjèèjì.

Kánádà ni Káyọ̀dé wà báyìí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ fún mi ní ẹ̀bùn. Àwọn kan wà l'Ékòó tí wọ́n ń kó èèyàn rìnrìn àjò ìsinmi lọ sílẹ̀ Gíríìkì, láti wo àwókù ayé àtijọ́ níbi tí Pọ́ọ̀lù mímọ́ ti wàásù, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù tó wà nítòsí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin àti Màmá Usọ lẹ jọ ń lọ. Bí Màmá Usọ ò bá lọ, a ò ṣe mọ́ nìyẹn." Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: inú mi ò dùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ni mo ti fojú sí pé a jọ máa lọ, ẹni tó mọ fọ́ọ̀kì lò, tí òun àti òyìnbó lè jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí! Ẹ ò rí ayọ̀ obìnrin yìí. Ó ra bàtà kánfáàsì funfun, ó ń wọ̀ ọ́ káàkiri ọgbà ilé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, gbogbo ẹni tó bá dúró kí i ló ń sọ fún pé, "Èmi àti àbúrò mi ń lọ síbi tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù o!"

A dé Áténì láyọ̀. Àwọn tí a jọ lọ jẹ́ ẹni ńláńlá l'Ékòó àti Àbújá. Ìyàwó adájọ́ kan wà láàárín wọn, ọmọ Yorùbá láti Àbújá, obìnrin tó rẹwà, tó ń ta sánsán, tí gbogbo wa kàn ń wò bíi dígí. Lọ́jọ́ kejì, ó bá mi sọ̀rọ̀, ó fà mí mọ́ra, ó ní ìrísí mi fi hàn pé mo ti di ipò mú rí. Orí mi wú. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi ojú obìnrin yìí wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i bó ṣe ń mú búrẹ́dì sínú ọ̀rá ní òtẹ́ẹ̀lì, tó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ń da oúnjẹ nù. Mo gbọ́ bó ṣe ń fi èdè Ọ̀ghọ̀, ìyẹn èdè Ọ̀wọ̀ wa, pariwo láti òpin kan yàrá ìjẹun dé èkejì. Nígbà tí obìnrin Gíríìkì tó ń mú wa káàkiri gbé wa gun òkè àpáta ńlá tí wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì ayé àtijọ́ sí, tó ń ṣàlàyé bí gbogbo ayé ṣe ń wá wo àwọn òpó tó wà níbẹ̀, Àǹtí gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó wò ó, ó ní, "Ilé bàbá wa ní Usọ náà ti wó, kí ló dé tí òyìnbó kankan ò wá wò ó?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn, àbí kò dùn? Obìnrin tó ń mú wa káàkiri rẹ́rìn-ín bó ṣe rí i tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n túmọ̀ ohun tó sọ. Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni mo ba ayé ara mi jẹ́. Èmi àti ìyàwó adájọ́ jókòó sídìí tábìlì kan, Àǹtí sì lọ bá mi po tíì nítorí ó mọ̀ pé mi ò lè mu ún bí mílíìkì rẹ̀ ò bá pọ̀. Ìyàwó adájọ́ fi ẹnu tọ́ka sí i, ó bi mí lédè òyìnbó pé, ta ni màmá yẹn sí mi? Ìbéèrè kékeré. Ìdáhùn rẹ̀ ò ju kí n ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n mi yọ́ lọ síbòmíràn. Èmi náà fi òyìnbó dáhùn, mo ní ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọmọ mi ló ní kí n mú un dání kó lè máa bá mi gbé ẹrù. Mo rò pé Àǹtí ò lè gbọ́. Àbí mo fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí a fi ń pe ọmọ ọ̀dọ̀, láti Usọ dé Elégbékà lágbègbè wa, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mo yíjú, mo bá a lẹ́yìn mi, ó gbé ife dání. Ó rọra gbé e síwájú mi. Ó ní, "Tíì yín nìyí, mà."

Nígbà tí a dé yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Àǹtí, kí lẹ ń pè mí ní mà sí?" Ó ń ká aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe ń pe ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn? Mi ò fẹ́ kí irọ́ yín já lójú àwọn èèyàn yín." Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti wólẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sáré padà sí ìsàlẹ̀ kí n lọ wí fún gbogbo wọn pé irọ́ ni mo pa. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mi? Ara tù mí! Mo ní nínú ọkàn mi pé, ó dára, kò ní tú mi fó. Ìyẹn gan-an ló ń dá mi lóró jù báyìí, ju irọ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí a lọ sí Kọ́ríńtì, Àǹtí gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó kọ́ ọ lápá, ó ń rìn lẹ́yìn wa. Oòrùn mú gan-an láàárín àwọn òkúta yẹn. Wọ́n fi ibi ìdájọ́ hàn wá, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti mú Pọ́ọ̀lù wá síwájú gómìnà. Àwọn yòókù ń ya fọ́tò, èmi ò lè gbójú sókè wo ibẹ̀. Ìyàwó adájọ́ yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú omi wá nínú bọ́ọ̀sì." Àǹtí lọ. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta, nínú bàtà kánfáàsì tó fi ń yangàn ní Usọ. Mo jókòó sórí òkúta, mò ń wò ó. Omi tó gbé wá, mo mu nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ́jínà. Ìjì dé lójú òkun, ọkọ̀ ń jù wá síhìn-ín sọ́hùn-ún, èébì sì gbé mi. Mo bì sára, mo bì sílẹ̀. Ìyàwó adájọ́ fi ìborùn bo imú, ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀rù omi ń ba Àǹtí láti kékeré, odò tó wà lọ́nà oko wa gan-an kì í fẹ́ dá sọdá. Síbẹ̀ ó di irin ọkọ̀ mú, ó wá bá mi, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi nu èébì mi, ó gbé orí mi lé itan. Ó ń rọra lù mí lẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ibà bá mú mi lọ́mọdé. Nígbà tí òkun rọlẹ̀, ìyàwó adájọ́ padà wá, ó ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ gidi rèé! Ibo lẹ ti rí i? Ẹ bá mi wá irú rẹ̀ o, kíá ni tèmi máa ń sá lọ." Orí mi ṣì wà lórí itan ẹ̀gbọ́n mi. Mo rẹ́rìn-ín. Àǹtí ló dá a lóhùn. Ó ní, "Irú wa ò pọ̀ mọ́, mà. Láti kékeré la ti ń bá wọn bọ̀."

Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀, àkùkọ kọ, ó jáde lọ sunkún. Èmi, mo gun òkè lọ wo àwókù tẹ́ńpìlì mìíràn. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa tò kí wọ́n ya fọ́tò, Àǹtí ní ẹ jẹ́ kí òun bá wa di fóònù mú. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Nínú gbogbo fọ́tò ìrìnàjò yẹn, láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn, ẹ ò lè rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀ láti Èkó, mọ́tò dúró ní Usọ lọ́sàn-án gangan kí Àǹtí lè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará ilé tú jáde láti wá kí wa káàbọ̀. Lójú gbogbo wọn, ẹ̀gbọ́n mi fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú eruku. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ mú mi dání, mà. Olúwa á fi kún tiyín." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní ayọ̀ ni.

Káyọ̀dé rí fọ́tò lórí Wọ́sáàpù. Ó ní, "Mọ́mì, Màmá Usọ dà?" Mo ní òun ló ya fọ́tò. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?" Ó pe Àǹtí, Àǹtí sì ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun, ìjókòó ló wu òun, àbúrò òun tọ́jú òun dáadáa. Ó ṣì ń bò mí láṣìírí lójú ọmọ mi!

Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbé àga fún mi, ó nù ún, òun dúró. Mo kúnlẹ̀, ó gbé mi dìde. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín tipẹ́, mà. Ohun tí ẹ rò nípa mi lẹ sọ. Ṣé kò dára kí n mọ̀ ọ́n ni?" Nígbà tí mo délé, mo pe ìyàwó adájọ́ lórí fóònù, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ni ẹ jẹ́ kí n rán lọ mú omi wá? Ẹ jẹ́ kí n ṣẹ̀ sí àgbà, ẹ sì jókòó, ẹ ń wò mí." Ó ní òun fẹ́ wá sí Usọ wá bẹ̀ ẹ́ fúnra òun. Kò tíì pè mí láti ìgbà náà.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà rò. Káyọ̀dé ń bọ̀ nílé kí ọdún Kérésì tó dé, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n fẹ́ kí ìyá méjèèjì jókòó pa pọ̀ ní ìsìn ìdúpẹ́ ní Usọ. Àǹtí ní òun á wá o, ṣùgbọ́n òun á wà ní kíṣíìnì, kí òun lè bá mi ran àwọn tó ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Ṣé kí n sọ fún ọmọ mi kó tó dé, kí n sì pàdánù rẹ̀? Ṣé kí n dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí n sọ ọ́ lójú gbogbo Usọ, nígbà tó jẹ́ pé Àǹtí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀? Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi ti fi júwe rẹ̀ fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí, àwọn tí mi ò lè kó jọ mọ́ láéláé. Ẹ fún mi nímọ̀ràn, mo bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Ìgbàgbé ló kọ́kọ́ mú mi dé ibi tí mo wà yìí.